Ìwé Ẹ̀rí Nínú Àpótí



Àwọn kan nínú yín ní Dutsen Kura níhìn-ín ti ta ilẹ̀ bàbá wọn nílé kí ọmọ lè wọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Minna ní ọdún 1983. Ọmọ parí, ó sin orílẹ̀-èdè fún ọdún kan, ó padà wálé, ìwé ẹ̀rí sì wà nínú àpótí. Àwọn òbí a máa bi wá pé, “Fadá, kí ni ó kù tí a kò ṣe?” Ìbéèrè náà wúwo.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2000, Andrew Dabalen, Bánkọ́lé Oni àti Ọlátúndé Adékọlá gbé ìwádìí jáde lórí iṣẹ́ àti àwọn tí ó jáde yunifásítì ní Nàìjíríà. Àwọn agbanisíṣẹ́ wí fún wọn pé ibi méjì ni àléébù ti pọ̀ jù: kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé kí ó yéni, àti kí ó fi ọwọ́ ṣe ohun tí ó kà. Ohun tí ó dùn wá ni pé irú ìwádìí báyìí a máa sùn sórí pẹpẹ ìwé, nígbà tí olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ń kọ́ ọmọ bí a ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹni tí ó yẹ àrùn wò kò bá ẹni tí ń po oògùn sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n lè ti pàdé wà tipẹ́. Láti ọdún 1973 ni Industrial Training Fund ti dá ètò SIWES sílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní I.T. Ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì a máa lo oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́, a sì máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kan. Ìwádìí gan-an ni ìwé yẹn. Bí àwọn olùkọ́ bá fara balẹ̀ kà á, wọn yóò mọ irú ẹ̀rọ tí ọmọ kò fojú kàn rí kí ó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn ọmọ tí kò rí àyè, tí ẹnìkan kàn bá wọn fọwọ́ sí ìwé nígbà tí wọ́n jókòó sílé. Irọ́ ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń pa fún olùkọ́, ọmọ náà ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ níwájú agbanisíṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin tí ń tún fíríìjì ṣe, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, bí ọmọ bá mú lẹ́tà wá láti Bosso tàbí Gidan Kwano, ẹ má lé e nítorí pé ẹ kò ní owó tí ẹ ó san fún un. Ẹ fún un níṣẹ́ ṣe, kí ẹ sì kọ òtítọ́ sínú ìwé rẹ̀, ìbáà korò. Kí ẹni tí ó bá ní àyè fún ẹyọ ọmọ kan wá rí wa lẹ́yìn Mísà.