Ẹ̀rọ Ìṣègùn àti Àjọṣe: Ohun tí a lè rí kọ́ láti Houston àti Blantyre

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)



Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ tí ó yàn mí láti sọ̀rọ̀ ní ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ owó tí a dá jọ fún ilé-ìwòsàn wa. Mo gbọ́ pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kan ní òkè òkun ti múra tán láti ra ẹ̀rọ fún ìtọ́jú ọmọ tuntun, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o ránṣẹ́. Ìfẹ́ ìlú ni ó mú wọn gbèrò bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yunifásítì kan àti ilé-ìwòsàn kan fún yín.

Yunifásítì náà ni Rice, ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà. Ilé-ìwòsàn náà ni Queen Elizabeth Central Hospital, ní ìlú Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin méjì, Rebecca Richards-Kortum àti Maria Oden, ni wọ́n ṣíwájú iṣẹ́ náà ní Rice. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, èyíinì ni ẹ̀kọ́ tí ó mú iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ dókítà wọ inú ilé kan náà. Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú ọ̀ràn wọn ni pé wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ń da àwọn tí ń tọ́jú ọmọdé ní Blantyre láàmú, kí wọ́n tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun náà ni ikú àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Ẹ̀dọ̀fóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ wo ọ̀rá tí omi ti kàn nínú, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti í lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà ṣe ń lẹ̀ pọ̀ nígbàkígbà tí ó bá mí síta, tí ó sì ní láti tiraka kí ó tó lè ṣí wọn padà. Ó ń mí gúlegúle títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Àwọn ìyá tí wọ́n wà ní àpéjọ yìí mọ ohun tí mo ń wí. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú bí ọ̀nà ti jìn tó fún ẹni tí ó gbé ọmọ oṣù méje mọ́ àyà lórí ọ̀kadà lọ sí ìlú ńlá ní òru.

Ẹ̀rọ tí ó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ púpọ̀. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò imú ọmọ náà láìdáwọ́ dúró, ẹnu ọ̀pá tínrín rẹ̀ kejì sì wà nínú ìgò omi. Bí ọ̀pá náà bá ti jìn tó nínú omi ni agbára afẹ́fẹ́ náà ṣe ń pọ̀ tó, agbára yìí ni kò sì jẹ́ kí àwọn àpò náà lẹ̀ pọ̀ mọ́. Nígbà tí omi bá ń hó gùdùgùdù nínú ìgò, nọ́ọ̀sì yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ń ná ilé-ìwòsàn ní nǹkan bí $6,000. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rice mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja tí a ń sìn nínú dígí, wọ́n kó o sínú àpótí ike tí a ń kó bàtà sí, wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti inú àpótí bàtà yẹn ni ẹ̀rọ tí a ń pè ní Pumani ti jáde. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Blantyre, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2014, 71 nínú 100 àwọn ọmọ tí a fi sí irú ẹ̀rọ yìí ni ó yè. Nínú àwọn tí a fún ní ọ́síjìn nìkan, 44 nínú 100 ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dókítà Blantyre kò ní ilé irinṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Houston kò mọ bí ó ti rí nígbà tí iná bá lọ tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì gba ẹ̀bùn Lemelson-MIT ní 2013, tí owó rẹ̀ jẹ́ $100,000, wọ́n fi owó náà sílẹ̀ fún kíkọ́ yàrá ìtọ́jú ọmọ tuntun ní Blantyre. Rice tún bá ilé-ẹ̀kọ́ Polytechnic ti Blantyre dá yàrá irinṣẹ́ sílẹ̀, kí ọmọ Màláwì lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Àlejò tí ó fún ọ ní ẹja ti ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún ọ ní àwọ̀n kò fẹ́ kí o máa retí òun.

Ní 2019, àjọṣe tí wọ́n ń pè ní NEST360 bẹ̀rẹ̀ ní Màláwì, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Nàìjíríà tiwa yìí. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, Yunifásítì Northwestern ti Amẹ́ríkà sì ti bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Nítorí náà, kò di ìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òfúrufú kí a tó rí ẹni bá ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Olùkọ́, ẹ̀rọ ni a fẹ́, a kò béèrè ẹ̀kọ́.” Ní ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀rọ tí a fi ẹ̀bùn kó wá ti wà lábẹ́ aṣọ láti ọdún tí wọ́n gbé e dé, àwọn aláǹgbá sì ti sọ ọ́ di ilé. Agbára iná tí a ṣe é fún ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volts, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ lè fi ojú inú wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Perry àti Malkin tẹ ìwádìí jáde ní 2011 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀, nǹkan bí 40 nínú 100 ẹ̀rọ ìṣègùn ni kò ṣiṣẹ́. Àìsí ẹni tí ó lè tún un ṣe wà lára ohun tí ó fà á.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn ará yunifásítì a máa wá ya àwòrán, wọn a sì lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ìgbà tí wọn yóò wá lọ́dún, ẹni tí wọn yóò kọ́ nínú àwọn ọmọ wa, àti ohun tí àwa náà yóò ṣe fún wọn. A ní ilé àlejò. A ní onírẹ́díò àti aláàtúnṣe jẹnẹrétọ̀ tí ọwọ́ wọn yá ju ti ọ̀pọ̀ onísábúkéètì lọ. Ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun mọ àwọn ènìyàn ní àwọn yunifásítì ọ̀hún. Ẹ mú wa mọ̀ wọ́n.

Àbá mi nìyí. Kí a dá owó ẹ̀rọ náà dúró fún oṣù mẹ́ta. Kí Mẹ́túrọ̀nù àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n ṣe aláìní sílẹ̀, kí ó má jẹ́ àwa tí a kò sùn nínú wọ́ọ̀dù rí ni yóò kọ ọ́ fún wọn. Kí a rán ènìyàn mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, kí obìnrin wà nínú wọn. Kí a sì ya ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà sọ́tọ̀ fún ohun èlò àtúnṣe àti fún ẹ̀kọ́ ọ̀dọ́ kan tí yóò padà wá ṣiṣẹ́ níbí. Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ní Ìbàdàn. Ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé wa. Ìbuwọ́lù Olóyè Alága ni ó kù.