Àwọn Ọmọ-ogun Tí A Kò Rí Òkú Wọn ní Tarawa



Ní ayé àwọn bàbá wa, bí ọmọ ẹni bá kú sí ojú ogun lọ́nà jíjìn, tí a kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a sì kó wọn tọ àwọn ará ilé rẹ̀ wá, kí wọ́n lè rí ohun kan sin. Ohun kékeré ni lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó gbà á mọ̀ pé ọmọ òun ti dé ilé. Mo fi èyí ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kò rí èyí pàápàá gbà.

Betio jẹ́ erékùṣù kékeré kan ní Tarawa, láàrin Òkun Pàsífíìkì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Kiribati nísinsìnyí. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láti òpin kan dé èkejì kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọdún 1943, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Marine, àwọn tí ń ti inú ọkọ̀ òkun jáde lọ jagun lórí ilẹ̀, dojú kọ àwọn ará Japan níbẹ̀. Omi òkun fà ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọkọ̀ wọn há sórí àpáta iyùn tí ó yí erékùṣù náà ká, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí sì bọ́ sínú omi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ sí èbúté, ọta ìbọn sì ń rọ̀ lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 19 tàbí 20 lọ. Wákàtí 76 ni ìjà náà gbà. Nǹkan bí 1,000 nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kú.

Ẹ kíyèsí i, ará: àwọn òkú wọ̀nyí kò sọnù sọ́wọ́ ọ̀tá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sin púpọ̀ nínú wọn. Oòrùn mú, òkú pọ̀, wọ́n sì fi katapílà gbẹ́ kòtò gígùn, wọ́n tẹ́ àwọn òkú sínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì fi àmì sí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó gba ìtọ́jú erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń fẹ́ ilé àti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ṣí àwọn àmì kúrò, wọ́n sì to àgbélébùú funfun lọ́nà tí ó wu ojú, ṣùgbọ́n wọn kò gbé òkú tẹ̀lé àmì. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ní èrò búburú nínú ọ̀ràn yìí. Ìmọ́tótó ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn tí a rán láti kó àwọn òkú náà dé ní ọdún 1946, wọ́n wú abẹ́ àgbélébùú, iyanrìn lásán ni wọ́n bá. Nǹkan bí ìdajì ni wọn kò rí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Alexander Bonnyman, ará Knoxville, tí ó kú ní ọjọ́ kẹta ìjà náà. Òun ti dàgbà díẹ̀, ọmọ ọdún 33 ni. Ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sì gbà á ní ọdún 1947. Ní 1949 a sọ fún àwọn ẹbí pé a kò lè rí òkú rẹ̀ mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ kan, History Flight, wú ọ̀kan nínú àwọn kòtò àtijọ́ wọ̀nyí. Wúrà tí ó wà ní eyín rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí a fi gbé e jáde. A sin ín ní Knoxville ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Ní Honolulu, a kọ orúkọ àwọn tí a kò rí òkú wọn sára ògiri òkúta. Nígbà tí a bá rí ọ̀kan, a kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. A máa ń kan òdòdó kékeré tí a fi idẹ ṣe mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òdòdó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Bonnyman. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bọ́ sínú omi ní Betio kò tíì ní tiwọn.