Kí Ọkàn Àwọn Ọmọ Wa Má Ṣe Rẹ̀ Ní Ìparí Ọdún Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ilé olúkúlùkù wa.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ara rẹ̀ kì í yá: aṣọ tuntun ni, ìwé tuntun ni, ìlérí tuntun ni. Ṣùgbọ́n bí sáà kẹta bá wọlé, tí òjò ń rọ̀, tí bàtà ti gbó, ara ọmọ a wúwo, ti olùkọ́ náà a sì rọ. Bẹ́ẹ̀ sáà yìí gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Àwọn tí ó wà ní kíláàsì kẹfà ń ṣe ìdánwò WAEC, wọn kò sì tíì sinmi tí ti NECO fi ń dé. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn ń dúró de ìdánwò ìgbéga. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú àwọn olùkọ́ bá wà lára àwọn tí ń jáde lọ, àwọn wọ̀nyí a máa jókòó lásán, ọkàn wọn a sì ti délé kí ẹsẹ̀ wọn tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Ó rọrùn fún wa láti wí pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: Ta ni ń rán wọn lọ jókòó ti ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n kàwé? Ta ni ń kó wọn lọ sí òde ìnáwó ní Sátidé kan lẹ́yìn òmíràn? Ta ni ń fi owó ìdánwò falẹ̀ títí ọmọ kò fi mọ̀ bóyá orúkọ òun yóò wọlé? Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè, tí ó gbin iṣu, tí ó sì kọ̀ láti ro oko nígbà òjò, kò gbọdọ̀ bá ilẹ̀ jà bí iṣu kò bá ta.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó burú ju ìwọ̀nyí lọ, òun ni a sì torí rẹ̀ dìde. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún ní ìlú wa, tí a mọ̀ sí ẹni tí ń tiraka. Ó dẹ́kun ìwé kíkà. A pè é, a bá a wí. Ó fi ọ̀wọ̀ dá wa lóhùn pé: “Ẹ̀yin bàbá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ yìí, àwọn òbí wọn ti san owó ìdáhùn. Kí ni èmi wá ń jí ní òru kàwé fún?” A kò rí èsì fọ̀ fún un ní ọjọ́ náà, nítorí a mọ̀ pé àwọn tí ó san owó náà kì í ṣe àjèjì, ẹni ńlá ni wọ́n nínú ìlú, a sì ń bá wọn jókòó.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìtara àwọn ọmọ ti ń kú. Ọmọ tí a ra ìdáhùn fún kò ní ìdí láti ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a kò rà fún sì rò pé òmùgọ̀ ni òun bí òun bá ṣiṣẹ́. Owó kan ni a san, ọmọ méjì ni ó bàjẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 ka ìwà náà sí ẹ̀ṣẹ̀, àjọ WAEC a sì máa fagi lé èsì ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ọdún 1908 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ti Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú-Òde tẹ̀lé e ní 1913. Iyì ìwé ẹ̀rí ayé ìgbà náà ni pé ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé ẹni tí ó ni í mọ ohun tí a kọ sí i. Iyì yìí ni a ń tà lọ́pọ̀.

Nítorí náà, a dámọ̀ràn nǹkan mẹ́rin. Èkíní, a bẹ Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ kí a kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ìdáhùn fún ọmọ kò ní jẹ oyè ní ìlú yìí. Èkejì, kí a ṣí gbọ̀ngàn ìlú sílẹ̀ ní alaalẹ́ títí sáà yóò fi parí, kí Ẹgbẹ́ pèsè iná, kí àwọn tí ó mọ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú wa sì máa bá àwọn ọmọ jókòó níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a pín iṣẹ́ fún ọmọ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ tí a kàn sọ fún pé kí ó kàwé, òkè ńlá ni ó rí. Ṣùgbọ́n èyí tí a fún ní ìbéèrè ìdánwò ọdún kan láti dáhùn lónìí, tí a sì bá a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, mọ ibi tí òun dé. Kí a sì jẹ́ kí ó sùn tó. Ẹ̀kẹrin, kí a máa yin ọmọ tí ó ti ipò ogún bọ́ sí ipò kejìlá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yin ẹni tí ó gba ipò kìíní.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ku ọdún kan kí ó tó ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ó ń wo ohun tí a ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí a rí èsì fún un kí sáà yìí tó parí.