Ẹni Tí Ó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé-Ìwòsàn

 Àwọn kan nínú yín tí ó bá wa parí ìwé kìíní ń ṣọ́ ilé-ìwòsàn. Àwọn ènìyàn a máa pè yín ní ọlọ́dẹ, àwọn mìíràn a ní máígádì. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè yín, iṣẹ́ yín ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Kí ni ẹ ń ṣọ́? Ẹ ó ní, "Géètì ni." Òótọ́ ni. Ẹ ń ṣọ́ oògùn, ọkọ̀ àti ẹrù kí olè má baà kó wọn. Ṣùgbọ́n nítorí ta ni a ṣe kọ́ ilé náà? Nítorí aláìsàn ni. Bí ẹrù bá pé láìdín kan, tí aláìsàn sì kú sí ẹnu géètì, kí ni a wá ṣọ́?

Kí aláìsàn tó rí dókítà, ẹ̀yin ni ó kọ́kọ́ ń rí. Ara ń ro ó, ẹ̀rù ń bà á, owó ọwọ́ rẹ̀ sì lè má tó. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, ó lè yí padà sílé, kí àìsàn náà sì pa á síbẹ̀. Bí ẹ bá ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ yà sí ọ̀tún, ẹ ó rí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀," ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ní ọdún 2017 a tún ṣe òfin mìíràn nípa àwọn tí ìbọn bà. Kí òfin yìí tó dé, àwọn ilé-ìwòsàn kan a máa kọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà lára ẹni náà. Òfin náà ní kí a tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà, ì báà má sí. Owó àsansílẹ̀ ì báà wà, ì báà má sí. Ilé-ìwòsàn ni yóò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin kọ́ ni adájọ́. Ẹ ṣí géètì ná.

Ẹlòmíràn á ní, "Ọ̀gá ló ní kí n má ṣí." Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè lójú ọ̀sán, kí òru tó dé: "Ọ̀gá, bí a bá gbé ẹni tí ó ń kú lọ wá, kí ni kí n ṣe?" Ẹ jẹ́ kí ó dá yín lóhùn kedere.

Aláìsàn mìíràn wà tí àìsàn mú kí ó máa sọ kántankàntan, tí ó sì fẹ́ sá jáde. Ẹ má ṣe nà án. Ẹ má ṣe yí i ká bí ẹni fẹ́ mú olè. Kí ẹnì kan ṣoṣo rọra bá a sọ̀rọ̀, kí ó pe orúkọ rẹ̀, kí ó má sún mọ́ ọn jù. Kí ẹlòmíràn sáré pe nọ́ọ̀sì. Ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé. Ẹbí wọn a bá wọn gbé, wọn a sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn. Ògiri gíga nìkan kọ́ ni ààbò. Ojúlùmọ̀ náà jẹ́ ààbò.

Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe pé kí a pa òfin tì. Bí àkókò ìbẹ̀wò kò bá tíì tó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ibi ìjókòó han àlejò. Ẹ má gba owó kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ má sì ròyìn àìsàn ẹnikẹ́ni ní ọjà tàbí ní ìdí ẹmu. Àṣírí aláìsàn ni.

Èyí tí ó kù ni ti ìwé tí ẹ kọ́. Pátákó wà lára ògiri, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì lè kà á. Ẹ kà á fún wọn láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí. Nínú ìwé géètì yín, ẹ má kọ "arúgbó kan" mọ́. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé pérépéré. Bí ó bá ń padà lọ sílé, ẹ fi orúkọ náà kí i pé ó dàbọ̀.