Lọ́kọ́jà: Orúkọ Ìlú àti Àwọn Tí Ó Kún Inú Rẹ̀

Wọ́n ní kí àwa oníṣòwò sọ díẹ̀ nípa ìlú tí a ń gbé. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà, nítorí náà ẹ fi sùúrù gbọ́ wa.

Kí Òyìnbó tó dé ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ti wà ní àyíká òkè Pàtí. Ní 1841, àwọn Òyìnbó bá Attah ti Idah ṣe àdéhùn ilẹ̀, wọ́n sì dá oko sí ìhín. Ibà pa wọ́n, oko náà sì túká ní 1842. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, bá wọn wá nínú ọkọ̀ ojú omi náà. Ní 1857 ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní òdìkejì odò. Nígbà tí ó di 1860, Dókítà Baikie tẹ ìlú dó sí ẹsẹ̀ òkè. Àwọn wo ni ó wá kún un? Ẹrú tí ó gba òmìnira, Nupe, Hausa, Kakanda, Igala, Ebira, àti àwọn ará Sàró, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú rí. Nígbà tí ogun tú Gbẹ̀bẹ̀ ká, ní nǹkan bí 1866, àwọn ibẹ̀ náà rékọjá wá.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè wá ní àlejò àná lọ́jà, ẹ má bá a jà. Wọ́n ti ń sọ èdè wa níhìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n kí àwa náà má sọ pé àwa ni a ni ín o. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú ti dá ìjà sílẹ̀ nídìí ọtí. Hausa ní tiwọn ni: "loko" ni ìrókò, "ja" ni pupa. Àwa oníṣòwò kì í gbọ́ ọ kí a má gbọ́ "ọjà" nínú rẹ̀. Ní tiwa, orúkọ tí gbogbo ẹ̀yà ń jà sí kì í ṣe orúkọ burúkú. Ẹ wo Kabawa: bẹ́ẹ̀ ni Hausa ń pe àwọn ará Kebbi. Lónìí, Yorùbá, Igala àti Ebira ń gbé níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1900, Lugard ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kó lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà Zungeru. Ní 1967 a bọ́ sí Kwara. Ní 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, ìlú di olú-ìlú, èrò wọ́ wá, owó ilé sì gbẹ́nu sókè.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ìkún omi 2012 wọ ilé púpọ̀ nínú wa ní Adankolo, ó sì kó ìwé àwọn bàbá wa lọ. Àwọn tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin kò pọ̀ mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ra ìwé ńlá kan. Kí oníkálukú mú orúkọ bàbá rẹ̀ wá, ìlú rẹ̀, ọdún tí ó dé, àti àdúgbò tí ó kọ́kọ́ gbé. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, ọmọ wa kan ń dúró níbẹ̀ láti bá a kọ ọ́.