Ta Ni Yóò Ra Iṣẹ́ Wọn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Kábà lórí Iṣẹ́ Ìmọ́tótó àti Àwọn Aláàbọ̀ Ara

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń retí pé ìtàn oyè tàbí ìtàn aṣọ híhun ni n óò fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n mọ ẹsẹ̀ mi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò fún ní ọwọ̀ náà mú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan, tí a ń pè ní ìyé, wà ní agbo ilé wa tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí á tó bí mi. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, òun ti wà ní àgbàlá, ó ń gbálẹ̀ láti ìdí ògiri wá sí ẹnu ọ̀nà, ìlà kan ń gun orí èkejì díẹ̀ bí ẹni tí ń hun aṣọ lórí òfì, kì í sì í wọ bàtà sí i, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń wo ibi tí erùpẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa ilẹ̀ wa a máa bo ewé bo òrùlé, àgbàlá tiwa a máa dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó pe ohun tí ó ń ṣe ní iṣẹ́. Wọ́n ní ó kàn ń fi dá ara rẹ̀ lára yá ni. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé bí ìyé yẹn ṣe ń gbálẹ̀, láti ìdí ògiri, ní ìlà tí ó ń gun ara wọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń kọ́ afọ́jú tí ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní òkè òkun, tí wọ́n sì ń gba owó oṣù lé e lórí.

Àwọn baba wa kò kórìíra aláàbọ̀ ara. Ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, arọ àti àfín, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ọbàtálá ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, n kò sì ní í bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí a bu fún ènìyàn, tí a kò sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, inú kọ̀rọ̀ ni yóò gbé e jókòó sí títí ọjọ́ alẹ́. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ wo ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí géńdé ọkùnrin tí ẹsẹ̀ nìkan ni ó rọ lára rẹ̀, tí apá rẹ̀ le bí igi ìrókò, tí ó tẹ́ àwo sílẹ̀ de owó sàráà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àwa sì ti ta àwọn wọ̀nyí lọ́pọ̀.

Iṣẹ́ kan tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn jẹun ni ìmọ́tótó, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ tí à ń kọ́ kọ́ ni. Àwọn àgbà tí ó bá ayé wolé-wolé mọ̀ pé ohun tí ojú lásán rí pé ó mọ́ lè máà tíì mọ́. Ẹni tí yóò tọ́jú yàrá aláìsàn ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òkè ni a ti ń nu nǹkan wá sí ìsàlẹ̀, pé ibi tí ó mọ́ jù ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ibi tí ó dọ̀tí jù, pé aṣọ tí a fi nu ilé ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan tábìlì láéláé, pé bílíìṣì ní iye ìṣẹ́jú tí ó gbọ́dọ̀ fi wà lórí ilẹ̀ kí ó tó pa kòkòrò àrùn, àti pé ẹni tí ó bá da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ ti pe ikú sínú yàrá, nítorí èéfín tí yóò jáde níbẹ̀ a máa fún ènìyàn lọ́nà ọ̀fun pa. Ní ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń yọjú sí wa lọ́dọọdún bí tiwa yìí, ẹni tí ó di mọ́pù mú ní wọ́ọ̀dù wà lára àwọn tí ń gba ẹ̀mí là.

Ǹjẹ́ aláàbọ̀ ara, àti pàápàá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò yára, lè kọ́ gbogbo èyí? Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Marc Gold, mú àwọn tí ọpọlọ wọn kò yára, tí àwọn ènìyàn ti sọ pé wọn kò lè kọ́ ohunkóhun tí ó nítumọ̀, ó sì kọ́ wọn láti to bíréèkì kẹ̀kẹ́ pọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín kò lè ṣe. Ohun tí ó ṣe kò ju èyí lọ: ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó fi ẹyọ kan hàn wọ́n títí tí ọwọ́ wọn fi mọ̀ ọ́n, kí ó tó mú òmíràn. Bí kò bá yé wọn, olùkọ́ ni ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Bí a bá ya àwòrán bí a ṣe ń fọ ilé ìgbẹ́ sára ògiri ní ìpele ìpele, tí aṣọ pupa jẹ́ ti ilé ìgbẹ́, tí aṣọ aró jẹ́ ti tábìlì, kí ni ó kù tí ọmọ wa kò ní í lè kọ́? Adití kò nílò etí láti fọ fèrèsé. Arọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè nu gbogbo tábìlì ọ́fíìsì, kí ó sì máa ṣọ́ yàrá ọṣẹ àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù. Láti 1955 ni ẹgbẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ afọ́jú, Federal Nigeria Society for the Blind, ti wà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn afọ́jú ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣòdì ní ìlú Èkó. Láti 1977 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun tí mo ti rí lójú ara mi, tí ó sì ń dùn mí dé egungun, ni pé a ó kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, a ó gbé ẹ̀rọ fún un, a ó ya fọ́tò, lẹ́yìn ọdún kan ẹ̀rọ náà a ti wà ní ìsọ̀ onígbàǹjo, òun a sì ti padà sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, nítorí kò sí ẹni tí a bá pinnu tẹ́lẹ̀ pé yóò ra iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní aṣọ híhun, tí kò sì fi ọ̀nà ọjà hàn án, ó ti fi ìyà kún ìyà rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ìdí ọjà bẹ̀rẹ̀. Ní 1938, nígbà ayé Ààrẹ Roosevelt, wọ́n ṣe òfin pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa ra ọjà lọ́wọ́ àwọn afọ́jú, ọwọ̀ àti mọ́pù sì ni ó ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n tà. Ọwọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ní 1971 wọ́n tún òfin náà ṣe kí ó lè kan àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn, kí ó sì lè kan iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ṣe fún ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ilé ìjọba fi wá di ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ètò tí à ń pè ní AbilityOne lónìí.

Òótọ́ tún wà níbẹ̀ tí kò dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1938 yẹn kan náà, òfin mìíràn fún agbanisíṣẹ́ ní àyè láti san owó tí ó kéré sí ti ẹlòmíràn fún aláàbọ̀ ara, ó sì di 2022 kí ètò tí mo dárúkọ yìí tó fòfin de irú owó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin tiwọn ní 1944, pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó ogún máa gba aláàbọ̀ ara, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún; ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, títọ́jú ibi ìgbọ́kọ̀sí àti wíwa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Mo bẹ̀ yín, kí ọwọ̀ má di ògiri tí a mọ yí ẹnikẹ́ni ká bí iṣẹ́ méjì yẹn. Ẹni tí ó bá gbálẹ̀ lónìí, tí ó sì mọ ìṣirò, kí a jẹ́ kí ó di ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ lọ́la, kí ẹni tí orí rẹ̀ bá gbé ìwé sì jáde lọ sí yunifásítì.

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin wà lórí ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara. Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, òfin náà sì ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba sa gbogbo ipá wọn kí aláàbọ̀ ara tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn, èyí tí í ṣe ẹnì kan nínú ogún. Ó fún wọn ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn ilé ìjọba ṣe; ọdún márùn-ún náà ti kọjá láti 2024.

Nítorí náà mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Kábà/Bùnú, mo ń bẹ ilé ìwòsàn wa, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa àti àwọn ìjọ Ọlọ́run tí ilé wọn tóbi jù, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún mẹ́ta kí a tó pe ẹnikẹ́ni wá kọ́ iṣẹ́. Ẹni mẹ́fà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ibi iṣẹ́ gan-an ni kí a ti kọ́ wọn, kí olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ iṣẹ́ náà, kí ó sì máa dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Owó tí ó kéré jù tí òfin ilẹ̀ wa fọwọ́ sí ní 2024, ẹgbàárùn-ún méje náírà (₦70,000), ni kí owó oṣù wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí kọntirákítọ̀ bá wà láàrin, kò gbọ́dọ̀ gé e.

Kí owó náà má gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọjá, bí ó ti wù kí inú ẹni náà mọ́ tó. Kí olúkúlùkù wọn ṣí àpò owó ní báǹkì ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá báǹkì tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé ilẹ̀kùn onírin yín, èyí tí ń gba ènìyàn kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Ilẹ̀kùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ń gbà kó owó wọlé. Ní òpin oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn mẹ́fà náà bá wá gba owó iṣẹ́ wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i fún wọn.