Omi Tí A Ń Rọ Ọmọ Jòjòló

Ẹ̀yin ìyá wa láti Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ kò nílò ọ̀mọ̀wé tí yóò kọ́ yín bí a ṣe ń fọ́mọ lọ́mú. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tí kò mu ọmú rárá. Ṣùgbọ́n nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọn kò fún ní ohun mìíràn mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹjọ́ omi àti àgbo ni mo wá rò. Mo sì fẹ́ bá ẹni tí ó ń rọ ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà ìyá àgbà ni, kì í ṣe ìyá ọmọ.

Ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọmú ń ṣe kò jìnnà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Òkè-Mẹ̀sí wa, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń wọn àwọn ọmọdé láti nǹkan bí 1957, ó ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ń mú relé. Nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ tí ọmú ń bọ́ ń dàgbà dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìdàgbàsókè wọn ń fà sẹ́yìn. Ọmú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Davies-Adetugbo gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1997 lórí àwọn abúlé Ọ̀ṣun, àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà pé ewu ni ọmú nìkan: omi ni yóò pa òùngbẹ, àgbo ni yóò dáàbò bo ọmọ. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó pọ́n tó sì ń gbógun ti àrùn, wọ́n kà á sí ìdọ̀tí.

Ẹ óò ní ooru ń mú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú ìdá 100 omi ọyàn, nǹkan bí 88 jẹ́ omi. Ìyá ni kí ẹ bu omi fún. Ikùn ọmọ kéré. Bí omi bá ti kún un, kò ní fa ọmú tó, ọmú tí a kò fà a sì dín wàrà kù. Nígbà náà ni a ó wá sọ pé ọmú ìyàwó kò tó, a ó sì gbé ẹ̀kọ kaná. Bí a bá se omi náà, a pa kòkòrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di oúnjẹ. Ẹlòmíràn á ní, “Àgbo ni wọ́n rọ àwa náà, a ò sì kú.” Ẹni tó kù ló ń rojọ́. Àwọn tí a bí ṣáájú Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ kò sí níhìn-ín láti jẹ́rìí.

Nínú gbogbo àwíjàre, ti ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló wúwo jù lójú mi. Òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kí ó fi fọ́mọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ta ni obìnrin tó ń ta iṣu ní ọjà yóò béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá àgbà ló lè gbé ọmọ tọ̀ ọ́ lọ, tàbí kí ó fi ife mímọ́ fún ọmọ ní èyí tí ìyá fún sílẹ̀. Ìwádìí Ọ̀ṣun yẹn rí i pé wọ́n ń fura sí omi ọyàn tí a fún sílẹ̀, pé wọ́n lè fi nǹkan sí i. Ìfura yẹn ni kí àwọn nọ́ọ̀sì wa dojú kọ. Nígbà ọ̀sẹ̀ ọmú, láti ọjọ́ 1 sí 7 oṣù kẹjọ, kí wọ́n pe ìyá ọkọ àti ọkọ wá jókòó pẹ̀lú abiyamọ, kí wọ́n fún omi ọyàn sínú ife lójú gbogbo wọn, kí ìyá ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ fi bọ́ ọmọ.